Wáyà hítà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nígbà òtútù: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù

Winnipeg ni mo ń gbé, ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe. Tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánádà, àwọn tó ra píkọ́ọ̀pù, àwọn tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, ó sì máa ń jẹ́ aago márùn-ún ìdájí tí ọkọ̀ ti kọ̀ láti ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ìdáhùn jọ síbí. Tí ẹ kò bá ní àyè láti ka gbogbo rẹ̀, ẹ wá ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ mítà lọ tààrà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fowó ra hítà tuntun nígbà tó jẹ́ pé wáyà lásán ló bàjẹ́. Èmi náà wà lára wọn.

Wáyà kan tó ní púlọ́ọ̀gì lórí rọ̀ dirodiro níwájú ọkọ̀ mi. Kí ni? Ṣé iná mànàmáná ni ọkọ̀ yìí ń lò ni?

Rárá o, epo ni ọkọ̀ yín ń jẹ. Wáyà yẹn lọ bá hítà kékeré kan tó wà nínú ara ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní block heater. Ṣé ẹ rántí irin róbótó tí a máa ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì nílé láti fi gbé omi ìwẹ̀ kaná, tí a ń pè ní bọ́ílà? Iṣẹ́ kan náà ni. Ihò kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń fi irin pẹlẹbẹ dí. Wọ́n yọ irin yẹn, wọ́n fi hítà sí i, orí hítà sì wà nínú kúláǹtì, ìyẹn omi tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù, tó yí sílíńdà ká. Tí ẹ bá ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, omi yẹn á gbóná, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì gbé ooru káàkiri irin náà.

Ọgbọ́n àwọn ará ibi tó tutù ni. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, Andrew Freeman, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1949. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú omi: ńṣe ló yọ ọ̀kan lára àwọn bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú, tó sì fi èyí tó ń gbóná rọ́pò rẹ̀. Títí dòní, àwọn àgbàlagbà kan níbí ṣì ń pe gbogbo hítà ẹ́ńjìnnì ní orúkọ ti bóòtù yẹn.

Ṣé dandan ni? Aládùúgbò mi ò lò ó, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń ta.

Ọkọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù, tó jẹ́ tuntun, tí bátìrì rẹ̀ dára, lè ta láìsí hítà títí dé bíi -20 lórí ìwọ̀n Celsius. Díísù ni ẹjọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo. Atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnnì máa ń fún pọ̀ títí á fi gbóná débi tí epo á fi gbiná fúnra rẹ̀. Tí irin tó yí atẹ́gùn yẹn ká bá ti tutù bí yìnyín, irin náà ló máa fa ooru náà mu kí epo tó rí i lò. Ẹ wá fi kún un pé ọ́ìlì ti ki bí oyin, àti pé ní -18 bátìrì ti pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá la wá ní kó gbé ẹrù tó wúwo jù.

Nígbà tí mo wà nílé, ọyẹ́ ni mo mọ̀ ní òtútù. Ọyẹ́ ò jẹ́ nǹkan kan. Níbí, òru -30 kì í ṣe ìròyìn.

Ẹ kàn jẹ́ kó yé yín pé ẹ́ńjìnnì ni hítà yìí ń gbé kaná, kì í ṣe epo inú táńkì. Tí díísù bá ti dì bí òrí nínú táńkì tàbí nínú fílítà, ẹ fi hítà sí iná láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè ràn yín lọ́wọ́. Díísù ìgbà òtútù lẹ máa rà, tàbí kí ẹ po oògùn rẹ̀ mọ́ ọn kó tó dì.

Mo wá wáyà náà títí, mi ò rí i. Ibo ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí?

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ́kọ́ wo àárín gíríìlì iwájú, lẹ́yìn náà ẹ kúnlẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà àti ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé iṣẹ́ máa ń ká a, tí wọ́n á fi ìdè oníke so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì tàbí mọ́ àwọn wáyà mìíràn, tí ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà kò sì tú u rí. Ẹ wá púlọ́ọ̀gì dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní ìdérí rọ́bà lórí; ó jọ ti ẹ̀rọ ìlọta tó wà nílé gan-an, kò jọ wáyà ọkọ̀ rárá. Lára ọkọ̀ àjàgbé ńlá, ẹ má wá wáyà tó ń rọ̀. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ní ìdérí ni ẹ ó rí, lábẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà nítòsí àtẹ̀gùn tàbí lára bọ́ńpà.

Bí ẹ bá ti wo gbogbo ibẹ̀ tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ má tíì sọ pé ọkọ̀ náà ò ní hítà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ford Super Duty oní-díísù àti Ram oní-ẹ́ńjìnnì díísù Cummins ni hítà ti wà nínú ẹ́ńjìnnì wọn láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ní ibi tó móoru, bíi Texas tàbí Florida, kò sanwó wáyà. Ara ẹ́ńjìnnì lẹ máa wò nígbà náà. Ẹ wá ohun róbótó kan tó rì mọ́ ara irin, tí irin tín-ín-rín méjì tàbí mẹ́ta yọ lórí rẹ̀ bí eyín ọmọdé, ìdérí oníke lè wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, wáyà nìkan lẹ nílò. Tí ojú ò bá tó o, ẹ gbé nọ́ńbà ṣásíì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta irú ọkọ̀ yẹn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ọkọ̀ jáde. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wáyà ló bàjẹ́ àbí hítà fúnra rẹ̀?

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà nìyí.

Ọ̀nà tí kò gba irinṣẹ́ kankan ni etí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, ẹ ki púlọ́ọ̀gì bọ iná, ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tó dákẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ó gbọ́ ohùn kékeré bí ìgbà tí omi ìkòkò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, hítà ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ní iná. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìdajì ọjọ́ ni mo ti lò lórí ọkọ̀ kan rí kí n tó mọ̀ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kò ní iná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mítà, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, kò wọ́n. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ẹ yí mítà sí ibi tó ń ka óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà. Ẹ fi irin mítà kan kan irin pẹlẹbẹ kan lórí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi èkejì kan irin pẹlẹbẹ kejì. Iná ibí jẹ́ fóòtì 120, nítorí náà hítà 1,000 wáàtì á ka nǹkan bí óòmù 14, ti 750 wáàtì á ka 19, ti 400 wáàtì á ka 36. Ti ọkọ̀ àjàgbé tó jẹ́ 1,500 wáàtì kò ní ju bí 10 lọ. Kò pọn dandan kó bára mu géérégé. Tí nọ́ńbà bá ti sún mọ́ èyí tó yẹ, inú wáyà àti hítà dára.

Tí mítà kò bá ka nǹkan kan, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá lọ ra hítà. Ẹ dúró ná. Ẹ yọ wáyà kúrò lórí hítà níbi ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá fi mítà kan eyín hítà fúnra rẹ̀. Tí ibẹ̀ bá ka 14 tàbí 19, hítà yín yè, wáyà ló kú. Tí ibẹ̀ náà ò bá ka nǹkan kan, hítà ti jó nìyẹn, iṣẹ́ ti di iṣẹ́ mìíràn, torí kúláǹtì gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó lè yọ ọ́.

Ẹ tún yẹ ohun kan wò sí i. Ẹ fi irin mítà kan irin pẹlẹbẹ kan àti irin roboto kẹta, èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀. Mítà kò gbọdọ̀ ka ohunkóhun níbẹ̀. Tó bá ka nọ́ńbà, iná ń jò sára ọkọ̀. Ẹ má ki wáyà yẹn bọ iná mọ́, ì báà jẹ́ fún alẹ́ kan péré.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe tan ara mi jẹ. Ọdún kejì tí mo dé ni, mo gbé Silverado oní-díísù kan wọ inú gáréèjì tó móoru, mo fi mítà kàn án, kò ka nǹkan kan. Mo ní hítà ti jó. Mo ra òmíràn, mo da kúláǹtì jáde, mo yọ ti àtijọ́ sílẹ̀, mo fi tuntun sí i. Mítà ò tún ka nǹkan kan. Mi ò mọ̀ pé ohun kékeré kan wà nínú wáyà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ GM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Chevrolet àti GMC, tó ń mọ ìwọ̀n òtútù: àfi tí ìta bá tutù tó -18 kó tó jẹ́ kí iná kọjá. Mo gbé ọkọ̀ náà síta lálẹ́, wáyà náà tutù, mítà ka 14. Hítà àtijọ́ tí mo jù sínú pàǹtírí ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Torí náà, tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ Chevrolet tàbí GMC, ẹ wò ó bóyá kókó kan wú láàárín wáyà tàbí nídìí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú òtútù. Ìyẹn náà ló fà á tí hítà wọn kì í fi í dún ní -10 tí ẹni tó ni ín á sì ní ó ti bàjẹ́.

Ewo ni kí n rà?

Wáyà kan kò bá gbogbo ọkọ̀ mu. Orí tó wọ púlọ́ọ̀gì ògiri bára mu, ṣùgbọ́n orí tó wọ hítà yàtọ̀ síra: òmíràn ní ihò méjì, òmíràn mẹ́ta, òmíràn ní òrùka tí ẹ ó máa yí bí ìdérí ìgò kó tó di mọ́. Ẹ ya fọ́tò orí hítà àti ti wáyà àtijọ́ kí ẹ tó jáde nílé. Wáyà ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ́n. Zerostart náà dára, àwọn tó ń ṣe é ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ hítà, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbí. Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rà ni èyí tí kò kọ iye wáàtì tó lè gbé sára, tó jẹ́ pé owó rẹ̀ nìkan ló dùn mọ́ni. Ẹ fi ọwọ́ tẹ wáyà náà pẹ̀lú. Èyí tó bá ti le kankan nínú ṣọ́ọ̀bù tó móoru yóò sán bí igi gbígbẹ tó bá dé ìta.

Báwo ni mo ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi?

Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ò ní da kúláǹtì kankan, wáyà nìkan lẹ fẹ́ yọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, torí lọ́pọ̀ ọkọ̀ ibi tí hítà wà kò jìnnà sí páìpù èéfín. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ọ̀nà tí wáyà àtijọ́ gbà kọjá. Ẹ kàn lérò pé ẹ máa rántí ni, ẹ ò ní rántí.

Ní ìdí hítà, ẹ wò ó bóyá okùn irin kékeré kan há orí wáyà mọ́ ọn. Ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó fà. Orí wáyà ni kẹ́ ẹ dì mú, kì í ṣe okùn wáyà. Tó bá ti pẹ́, ó máa ń lẹ̀ pinpin. Ẹ rọra máa yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ díẹ̀, ẹ má ṣe gbọ̀n ọ́n sókè sódò, torí eyín hítà lè ṣẹ́, tó bá sì ṣẹ́, iṣẹ́ wáyà ti di iṣẹ́ hítà nìyẹn. Nígbà tó bá jáde, ẹ wo inú rẹ̀. Wáyà tó dára, irin rẹ̀ máa ń dán. Èyí tí mo yọ lára ọkọ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ihò kan ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé bí ewéédú, ẹ̀gbẹ́ ihò kejì ti yọ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ṣì ń ka 14 lórí mítà o. Bẹ́ẹ̀ náà ni, mítà kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ẹ fi ojú wò ó pẹ̀lú.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu eyín hítà títí á fi dán. Ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ń lò fún iná, èyí tó funfun, sínú orí wáyà tuntun díẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi àti iyọ̀ ojú títì wọlé. Ẹ tì í wọlé dé ìdí. Tí ó bá kù díẹ̀ kó wọlé tán, ibẹ̀ ló máa ń gbóná jù tí á sì jó. Kí ẹ wá gbé wáyà náà gba ọ̀nà tó jìnnà sí páìpù èéfín, sí fáànù, sí ọ̀pá ìdarí ọkọ̀ àti sí etí irin mímú. Ẹ fi ìdè oníke so ó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ nítòsí ẹ́ńjìnnì, torí ẹ́ńjìnnì máa ń mì, wáyà tó bá nà tán-ín-tán-ín á já. Ẹ gbé púlọ́ọ̀gì síbi tí ọwọ́ á tó láìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì dé ìdérí rẹ̀.

Ibì kan péré ló bó lára wáyà mi. Ṣé mi ò lè fi téèpù dì í?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Iná tó ń kọjá nínú wáyà hítà 1,000 wáàtì ju áḿpù 8 lọ, fún wákàtí púpọ̀, nínú omi, iyọ̀ àti yìnyín, ẹ̀yin sì ń sùn. Kì í ṣe wáyà rédíò.

Tó bá dà bíi pé mò ń dẹ́rù bà yín, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Ford pe àwọn F-150 ọdún 2015 sí 2019 àti Super Duty ọdún 2017 sí 2019 tó ní hítà padà, nítorí pé omi àti ìdọ̀tí ń wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà hítà pọ̀, ó ń dípẹtà, ó sì lè gbiná tó bá wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bí 874,000 ọkọ̀ ni ní Àríwá Amẹ́ríkà, ti Kánádà nìkan lé ní 463,000. Wáyà tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ so pọ̀ nìyẹn o, kì í ṣe téèpù ọwọ́ wa. Tí irú ọkọ̀ yìí bá wà lọ́wọ́ yín, tó jẹ́ àlòkù lẹ rà á, ẹ fi nọ́ńbà ṣásíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gbé e lọ fún àtúnṣe. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n wo ni mo lè lò?

Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára pé ó wà fún ìta, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ń ṣe òdìkejì ohun tí ẹ rò: 14 nípọn ju 16 lọ, 12 sì nípọn ju 14. Tó bá kúrú, 14 tó. Tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ, ẹ ra 12. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń tan iná Kérésìmesì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ gbé ibi tí wáyà méjèèjì ti pàdé kúrò lórí yìnyín. Mo máa ń so tèmi kọ́ sára gíríìlì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò burú. Tó bá gbóná débi tí ẹ ò lè dì í mú, ẹ yọ ọ́ kíá.

Wákàtí mélòó ló yẹ kó fi wà lórí iná?

Wákàtí 2 sí 4 ti tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ti dọ́gba, owó iná nìkan ló ń pọ̀ sí i. Ẹ ra táímà tó lè gbé iye wáàtì hítà yín, kí ẹ ní kó tan ní aago mẹ́ta òru tó bá jẹ́ aago mẹ́fà lẹ máa jáde. Iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń rí sí àwọn ohun àlùmọ́nì sọ pé ní -20, hítà lè dín epo tí ọkọ̀ ń jẹ kù dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sí ibi iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀ máa ń tan, wọ́n á tún kú, wọ́n á tún tan, kí owó iná má bàa pọ̀. Tí ẹ bá ki wáyà bọ̀ ọ́ tí kò dún, kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì mi tó ní bọ́tìnnì kékeré máa ń gé iná ní gbàrà tí mo bá ki wáyà bọ̀ ọ́.

Iná ń jò sílẹ̀ níbì kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń gbà yín là ni. Ẹ má lọ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tí kò ní bọ́tìnnì. Ẹ gbẹ orí púlọ́ọ̀gì, ẹ tún un dán wò. Tó bá tún gé, ẹ padà síbi mítà lókè.

Mo gbàgbé, mo wa ọkọ̀ lọ tòun ti wáyà lára ògiri.

Ẹ káàbọ̀ sí Kánádà. Kò sí ẹni tí kò ṣe é rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ló máa ń já kúrò, kò ní ṣe wáyà ọkọ̀ ní nǹkan kan. Síbẹ̀, ẹ wo orí hítà bóyá wáyà ti fà jáde díẹ̀, ẹ sì wo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé náà. Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní ọgbọ́n kan: kí n máa gbé wáyà náà kọ́ sára dígí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, kí n máa rí i kí n tó wọlé.

Èkó ni mo wà. Tòkunbọ̀ tí mo rà láti Kánádà ní wáyà yìí. Ṣé kí n kì í bọ iná?

Ẹ má dán an wò láé. Fóòtì 120 ni wọ́n ṣe hítà náà fún, iná ilé wa sì jẹ́ 230 sí 240. Tí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru hítà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin: hítà 1,000 wáàtì á máa fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó sún mọ́ 4,000. Á jó, ó sì lè jó wáyà mọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ará Britain náà, ọ̀rọ̀ yín nìyí.

Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ hítà náà dànù pé kò wúlò. Òun ló dí ihò yẹn. Tó bá jáde, kúláǹtì á tẹ̀lé e. Ẹ kàn yọ wáyà lórí rẹ̀, ẹ fi ìdérí rọ́bà bo eyín hítà kí iyanrìn má bàa wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì ká wáyà náà sílé. Mo ti rí ẹni tó gé orí púlọ́ọ̀gì náà, tó fi ṣe ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n fáànù.